Ẹ̀fọ́ Tó Forí Tì Í

Kò sí ẹni tó rán Julianah Ọmọ́tọ́ṣọ́ níṣẹ́ tó fi mú ọ̀bẹ wọ oko ìsàlẹ̀ láàárọ̀ Sátidé yẹn. Ayọ̀ ló rán an. Ayọ̀ a sì máa rán àgbà níṣẹ́ tí ọmọdé máa kọ̀ láti jẹ́.

Ebè mẹ́rin ni Ìmísíolúwa, ọmọ-ọmọ rẹ̀, kọ sí oko náà, lẹ́yìn abúlé wọn tó fara ti Ìperindó, létí odò, níbi tí àwọn awawúrà ti ń fọ yẹ̀pẹ̀ láti ẹ̀ẹ̀rùn èṣí. Ilẹ̀ ibẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú. Koríko pàápàá ń yà fún un. Ẹ̀fọ́ àkọ́kọ́ tí Ìmísí gbìn síbẹ̀ kò ga tó àtàǹpàkò tó fi pọ́n, tó rọ, tó sì kú. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ọ̀gbìn lọmọ náà ń kọ́ ní Ẹ̀sà-Òkè, orí rẹ̀ sì le bí orí ìyá rẹ̀ àgbà. Ó gún ewé mòríńgà, ó fún omi rẹ̀, ó rẹ kóró tẹ̀tẹ̀ sínú rẹ̀ kí ó tó gbìn ín. Ó sun èèpo èkùrọ́ di èédú, ó lọ̀ ọ́ kúnná, ó pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà, ó ro gbogbo rẹ̀ mọ́ ebè méjì tó wà lápá ọ̀tún. Ebè méjì ti apá òsì, kò fi nǹkan kan sí i, kí ó lè mọ ìyàtọ̀.

Ìyàtọ̀ hàn. Apá òsì kú bí ẹni tí wọ́n ṣépè fún. Apá ọ̀tún yọ ewé tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó ń dán, igi rẹ̀ sì sanra bí ìka ẹsẹ̀ Julianah. Ìka ẹsẹ̀ Julianah kì í ṣe kékeré.

Ọjọ́rú ni ó ròyìn rẹ̀ fún ọmọ náà lórí fóònù. Ìmísí pariwo láti Ẹ̀sà-Òkè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìyá àgbà létí.

"Màmá! Ó forí tì í! Kóró yẹn forí ti májèlé inú ilẹ̀! Sátidé ni mò ń bọ̀!"

Fóònù já. Ọ̀rọ̀ yẹn ló sì fa gbogbo wàhálà. Ẹlòmíràn ìbá béèrè pé, ó forí tì í, kí ló wá kàn? Julianah kò béèrè. Kí eyín ọmọdé tó ká lẹ́nu rẹ̀, ní kíláàsì ọmọ wẹ́wẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà, ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ẹni tí ó bá forí tì í títí dé òpin, òun náà ni a ó gbà là. Ẹ̀fọ́ forí tì í, a jẹ́ pé ẹ̀fọ́ ti rí ìgbàlà. Ohun tó ti rí ìgbàlà, kí ni oró tún ń wá lára rẹ̀?

Bó ṣe gé ebè méjèèjì kanlẹ̀ nìyẹn. Ó dì í ní ìdì mẹ́jọ, ó gbé e lérí, ó sì mú ọ̀nà àárín abúlé, èyí tó jìn jù, nítorí kí ojú lè pọ̀.

"Ẹ wá wo ẹ̀fọ́ tó rí ìgbàlà o!" ló ń ké fún àwọn obìnrin tó tò sídìí ẹ̀rọ ìlọta. "Ọmọ mi ti fi ìwé bá ilẹ̀ odò jà, ó ti dá a gbalaja!"

Ilé Nọ́síràtù ló gbé e lọ. Ọmọ Òṣogbo ni Nọ́síràtù, ọkọ ló bá wá sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ti Julianah, bí èèyàn bá gba ọ̀nà àbùjá ẹ̀yìnkùlé. Kifayat ọmọ rẹ̀ bímọ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, omi ọyàn rẹ̀ kò sì tíì dà bó ṣe yẹ.

"Màmá Nehemiah, gbogbo èyí?" Nọ́síràtù ṣí ẹnu sílẹ̀. "Ọlọ́hun á san án fún yín. Ẹ wo ewé! Ẹ wo bó ṣe ń dán!"

"Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́," ni Julianah wí, ó nu òógùn. "Sè é fún ìyá ìkókó. Bí èyí bá tán, ó tún ń hù. Títí ogójì ọjọ́ máa fi pé, ẹ̀fọ́ mi lọmọ yìí máa mu nínú ọyàn."

"Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà yìí! Ẹ kàn ń pe ilé ní ulé ni, ẹ ò háwọ́."

Julianah rẹ́rìn-ín délé. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti bínú sí Nehemiah ọmọ rẹ̀, àyàfi ìgbà tó bá a tó ń jẹ iṣu sísè, tó sì ń fi eyín ya ọ̀rá omi. Ó wo ọ̀rá náà. Ènìyàn lè dúró lójú ilé wọn kí ó gbọ́ bí odò ṣe ń ṣàn. Omi rírà ni wọ́n ń mu.

"Olódò ló ń ra omi," ló wí.

"Màmá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

"N ò bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan. Ohun tí ojú mi rí lẹnu mi ń kà. Ta ló ní kí wọ́n wá máa fọ yẹ̀pẹ̀ wúrà lórí ilẹ̀ bàbá rẹ?"

Nehemiah jẹ iṣu ẹnu rẹ̀ tán kí ó tó dáhùn. "Páànù tó wà lókè orí yín yìí, ṣé ilá ló rà á, àbí owó ilẹ̀ tí wọ́n ń san?"

Julianah gbójú sókè. Òótọ́ ni, páànù náà ń dán. Òótọ́ sì ni pé òjò kì í kán sí i létí mọ́ bó bá sùn. Ìyẹn gan-an ló ń bí i nínú jù.

"Ẹ ṣáà forí tì í," ni Nehemiah wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Wúrà ibẹ̀ ò pọ̀ mọ́. Wọ́n máa tó kó lọ."

"Forí tì í, forí tì í! Mo forí ti bàbá rẹ. Mo forí ti ìwọ tí o pé ọmọ ọdún méjì tí o ò rìn, tí mò ń pọ̀n ọ́ kiri bí àpò kòkó. Mo forí ti làkúrègbé. Bó bá jẹ́ pé orí gidi la fi ń ti gbogbo nǹkan wọ̀nyí, orí mi ìbá ti pẹlẹbẹ bí pátákó alápatà!"

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Nehemiah fẹ́ máa bínú lọ, kò lè ṣe é, ó rẹ́rìn-ín tí iṣu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́nà ọ̀fun. Bí ìjà ilé wọn ṣe máa ń parí nìyẹn: ẹ̀rín á pọ̀, ọ̀rọ̀ á sì wà níbi tó wà.

Orí ẹ̀rín yẹn ni ọ̀kadà tó gbé Ìmísí bá wọn. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí wọn, ó kọ omi, ó kọ iṣu, ó mú àwọn àpò pélébé tó fẹ́ kó ẹ̀fọ́ sí, ó di oko ìsàlẹ̀. Kò pẹ́ tó fi padà. Eré ló sá padà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí.

"Màmá, ta ló gé ẹ̀fọ́ mi?"

"Èmi ni." Julianah fẹ́ àyà. "Mo bá ọ dín iṣẹ́ kù."

"Ó dà?"

"Ó wà níbi tó yẹ kó wà. Kifayat ìyá ìkókó ni mo kó o fún. Gbogbo abúlé ló rí i."

Ìmísí jókòó sórí erùpẹ̀ ilẹ̀ pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì ilé ìwé rẹ̀ tó mọ́ tónítóní.

"Màmá, wọn kì í jẹ ẹ́! Àyẹ̀wò ni mo fẹ́ gbé e lọ fún!"

"Kí ló dé tí wọn ò ní í jẹ ẹ́? Ṣebí ìwọ lo ní ó forí tì í?"

"Ó forí tì í ni mo wí, n ò sọ pé ó ti mọ́! Òjé wà nínú ilẹ̀ yẹn, Màmá. Òjé, irú èyí tó wà nínú bátìrì ọkọ̀. Gbogbo èédú tí mo lọ̀, gbogbo ewé tí mo gún, kí òjé má baà pa ọ̀gbìn ni. Ọ̀gbìn ò kú, àmọ́ ó lè ti fa òjé yẹn gòkè sínú ewé. Ó kàn ń gbé e kiri ni."

"Ṣùgbọ́n ó ń dán..."

"Ibi tó ti burú nìyẹn. Èyí tó kú lápá òsì ò lè tan ẹnikẹ́ni jẹ."

Nehemiah ló béèrè, jẹ́jẹ́: "Bí èèyàn bá wá jẹ ẹ́ ńkọ́?"

"Jíjẹ ẹ̀ẹ̀kan lè má ṣe nǹkan kan tí ojú máa rí, Dádì. Àmọ́ òjé kì í pariwo, kì í sì í tètè jáde. Inú egungun ló ń lọ jókòó sí. Bí obìnrin bá ń fọ́mọ lọ́yàn, ó lè bá omi ọyàn wọlé sí ọmọ lára. Ọpọlọ ọmọdé ló sì máa ń dojú kọ."

Nehemiah gbé iṣu ọwọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́.

Ogójì ọjọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn padà wá bá Julianah ní ohùn ara rẹ̀, gbogbo ìgbéraga rẹ̀ ló bá a wá. Ó dìde, ó ki ẹsẹ̀ kan bọ bàtà rẹ̀, ó ki èkejì bọ ti Nehemiah, ó sáré jáde. Kò sáré láti ọdún tí ewúrẹ́ jẹ ìwé orin rẹ̀.

Kò rántí pé ọ̀nà àbùjá wà. Ìdí ẹ̀rọ ìlọta ló tún gbà.

"Màmá, ẹ̀fọ́ ìgbàlà dà? Ẹ gé tiwa náà wá!"

"Ó ń bọ̀!" ló dáhùn, ó sì gé ahọ́n jẹ. Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà, òun náà ló máa fi lọ bá a. Ṣùgbọ́n ta ló wu kó fi ẹnu wọ́lẹ̀, ní àádọ́rin ọdún, lójú ọmọ Òṣogbo? Kó tó dé ilé Nọ́síràtù, ó ti pinnu pé òun máa gba ẹ̀fọ́ náà padà láì jẹ́ kí wọ́n mọ ìdí.

Òórùn irú ló pàdé rẹ̀. Ìdì mẹ́rin ṣì wà nílẹ̀ ní tútù. Mẹ́rin yòókù ti wà nínú ìkòkò, epo ti bo orí rẹ̀. Kifayat jókòó sórí ẹní, ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀bà ti wà níwájú rẹ̀. Nọ́síràtù mú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹsẹ̀ yín mà dára, Màmá Nehemiah. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná."

"Má bù ú!" Julianah mí sókè, ó mí sódò. "Mo ní... má tíì bù ú. Mo fẹ́ gbà á padà ni."

"Kí lẹ fẹ́ gbà padà?"

"Ẹ̀fọ́ náà."

"Ẹ̀fọ́ tí mo ti sè?"

"Òrùka mi ló já sínú ẹ̀."

Nọ́síràtù wo ìka rẹ̀. Òrùka ìgbéyàwó náà wà níbẹ̀ digbí, nínú ẹran ọwọ́ tó ti bò ó mọ́lẹ̀, tí ọṣẹ àti epo ò rí yọ láti ogójì ọdún. Julianah náà wò ó. Ó gbé ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn.

"Ó yé mi," ni Nọ́síràtù wí, ó sì ń bu ọbẹ̀ sínú abọ́ ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ẹ ti rí ẹni tó tọ́ sí. Ẹ̀fọ́ ìgbàlà ti ju ẹnu àwa mùsùlùmí lọ. Ẹ̀bùn àárọ̀, gbígbà ọ̀sán! Ọdún kejìdínlógún rèé tí a ti ń yá ara wa níná, Màmá Nehemiah, n ò mọ̀ pé ẹ̀fọ́ ló máa tú wa ká."

"Kò rí bẹ́ẹ̀..."

"Báwo ló wá ṣe rí?"

Julianah ṣe ohun tí baba-baba rẹ̀ máa ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà àwọn tó bá ra aṣọ rẹ̀ láwìn. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó lóṣòó síwájú ìkòkò.

"Òṣó ni mo ló yìí! Òṣó ni màá ló, títí wàá fi gbé ẹ̀fọ́ yẹn fún mi!"

"Yéè! Ẹ gbà mí o!" Nọ́síràtù pàtẹ́wọ́ lé orí. "Òṣómàáló dé! Ìjẹ̀ṣà ń fi òṣómàáló gba ẹ̀fọ́! Ẹ̀fọ́ tí wọ́n fúnra wọn fi ta èèyàn lọ́rẹ!"

Ibẹ̀ ni orúnkún Julianah ti dún kàù. Ó gbìyànjú láti dìde, kò dìde. Ó gbìyànjú láti jókòó, kò jókòó. Ó kàn wà níbẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́ tó ń retí òjò. Kifayat, tí ebi ti ń pa tipẹ́, kò dá sí ìjà àgbà. Ó gé ẹ̀bà, ó rì í sínú ọbẹ̀, ó gbé e sókè. Ọwọ́ Julianah kò tó o.

"Kifayat, má jẹ ẹ́! Oró wà nínú ẹ̀! Èmi ni mo gbé oró wá fún ọ, èmi arúgbó tí ò gbọ́ràn tán kó tó sáré!"

Òkèlè dúró lófuurufú. Epo ń kán sílẹ̀ láti ìka Kifayat, tó, tó.

Bó ti lóṣòó síbẹ̀ náà ló ṣe rò ó tán: òjé, èédú, ewé tó ń dán, kíláàsì ọmọ wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀. Kò yọ ọ̀kan sílẹ̀, kò sì fi iyọ̀ sí i. Nọ́síràtù gba òkèlè náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọ ọwọ́. Ó gbé abọ́. Ó gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Ó wo ọmọ tó ń sùn.

"Ta ló da òjé sínú ilẹ̀?"

Ìmísí àti Nehemiah ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà náà. Nehemiah ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàtà Julianah ló wà ní ẹsẹ̀ kan. Lẹ́yìn ilé, ọpọ́n tí Mọ́ṣúdù, ọkọ Nọ́síràtù, fi ń fọ yẹ̀pẹ̀ wúrà fara ti ògiri, ó ń gbẹ lóòrùn. Nọ́síràtù wò ó láti ojú fèrèsé. Nehemiah náà wò ó. Ẹni tó ju òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bá. Kò sẹ́ni tó tún ìbéèrè náà bi.

"Bí ẹ bá ti dákẹ́ tán," ni Julianah wí láti ilẹ̀, "ẹ gbé mi dìde o. Èmi ṣì wà lórí òṣó."

Kifayat ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó di inú rẹ̀ mú nítorí ìrora ìbímọ tí kò tíì san tán. Nọ́síràtù fẹ́ dijú mọ́rí, ẹ̀rín gba imú rẹ̀ jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ki Julianah lábíyá, Nehemiah mú apá kejì, wọ́n fà á sókè bí ẹni ń fa kùkùté, ó sì ń kérora, ó ń bú orúnkún rẹ̀, ó ń bú baba-baba rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Òṣó yẹn," ni Nọ́síràtù wí, "wọn ò kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń dìde níbẹ̀?"

"Àwọn baba wa kì í dìde. Ẹni tó jẹ wọ́n ló máa ń gbé wọn."

Ìmísí ti bẹ̀rẹ̀ sí kó ìdì mẹ́rin tútù náà sínú àpò, ojú rẹ̀ ń padà bọ̀ sípò. Ó tó fún àyẹ̀wò. Ọbẹ̀ inú ìkòkò náà, ó dà á sínú ọ̀rá, ó so ó pinpin, ó ní kí wọ́n má fún adìẹ, kí wọ́n má sì dà á sí oko.

"Kóró yìí ti mọ bí wọn ò ṣe ń kú," ló wí. "Ohun tó kù tí mò ń wá ni èyí tó máa fi òjé sílẹ̀ ní gbòǹgbò, tí ewé rẹ̀ tàbí èso rẹ̀ ò ní í mú un. Bóyá àgbàdo ni. Bóyá ó máa gba ọdún méjì. Kó tó dìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fẹnu kan nǹkan tó bá hù létí odò."

"Nígbà tí o bá rí i," ni Julianah wí, "jọ̀wọ́, má tún bá mi sọ pé ó forí tì í. Sọ fún mi pé jẹ ẹ́, tàbí má jẹ ẹ́."

Lẹ́yìn náà ló tiro padà sí ìdí ẹ̀rọ ìlọta. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ yìí náà. Ó dúró láàárín wọn, ó sì fi ohùn kan náà tó fi yangàn láàárọ̀ sọ fún wọn pé ẹ̀fọ́ tí òun gbé kọjá kì í ṣe jíjẹ, pé òun ṣi ọ̀rọ̀ ọmọ gbọ́, pé òun tún lọ lóṣòó nílé Nọ́síràtù, orúnkún sì há. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Obìnrin kan ló kọ́kọ́ dákẹ́.

"Èmi náà ní ilá létí odò," ló wí.

"Èmi ní tòmáàtì," ni òmíràn wí.

Ẹ̀rọ nìkan ló wá ń dún.

Nígbà tí Julianah padà dé, ó bá iṣu nínú odó nílé Nọ́síràtù. Iṣu oko òkè ni, ibi tí ẹnikẹ́ni ò tíì wa wúrà dé. Nehemiah ló gbé e wá, òun ló sì ń gún un. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó ń gbé ọmọrí odó sókè, ó ń jù ú sísàlẹ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gúsí ń hó lórí iná pẹ̀lú ẹja gbígbẹ.

"Màá bá àwọn tó ń fọ yẹ̀pẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé," ló wí, láàárín gbìn méjì.

"Mọ́ṣúdù náà ń bọ̀ nírọ̀lẹ́," ni Nọ́síràtù fèsì, ó ń ro ọbẹ̀. "Èmi náà ní tèmi láti bá a sọ."

Julianah kò dúpẹ́, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó wọ́n omi gbígbóná sí iyán, ó wò ó, ó ní kókó kan ṣì wà níbẹ̀, kí ó gún un sí i.

Kifayat jẹ iyán bí ẹni tó padà láti ogun. Ó jẹ ẹ́, ó tún gé e, òógùn bò ó níwájú orí, Nọ́síràtù ń bu ọbẹ̀ kún un láì sọ pé ó tó. Ó ń nu ọwọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ jí, tó sì figbe ta. Kifayat gbé e, ó fi ọyàn sí i lẹ́nu. Ọmọ náà tú u sílẹ̀. Ó tún fi sí i. Ọmọ wá a, ó pàdánù rẹ̀, ó tún wá a, ó dì í mú. Ní ìgbà yìí, kò tú u sílẹ̀.

Nehemiah dá ọwọ́ ìfọdó dúró. Nọ́síràtù gbé ṣíbí rọ̀. Ìmísí wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò ẹ̀fọ́ rẹ̀, ọlọ́kadà ń dúró dè é níta, kò sì lọ. Inú ilé pa rọ́rọ́, gbogbo wọn ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń gbé e mì, gùlù, gùlù, gùlù, ìkúùkù kékeré rẹ̀ sì ń ṣí lórí àyà ìyá rẹ̀. Julianah Ọmọ́tọ́ṣọ́, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí kì í sinmi lójú oorun pàápàá, jókòó ti ògiri, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, kò sì sọ nǹkan kan.